Ìfun tí wọ́n gé, ẹ má tíì lọ rì í: ọ̀rọ̀ TB inú ìfun àti Crohn's

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mi tipẹ́, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo níbí, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara tí wọ́n bá gé lára èèyàn wò, ìyẹn ni pé n kì í fi bẹ́ẹ̀ rí aláìsàn fúnra ẹ̀, ìgò ni mò ń rí. Ìgò nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ tán, nọ́ọ̀sì á pe ẹbí jáde, á ní "ẹ gbé eléyìí lọ sí láàbù", kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹbí á gbé e dání, ó di orí ọ̀kadà.

Nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ sẹ́yìn, ìyàwó ilé kan gbé tiẹ̀ wá láti apá Ìgbọ̀nà. Ìfun ọkọ ẹ̀ ló dí pa, ó ń bì, inú ẹ̀ le bí ìlù, wọ́n sì la inú ẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìgò yẹn ti wà nílé. Mo ní kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí, ó ní, "Dókítà," (gbogbo wa ni wọ́n ń pè ní dókítà, mi ò bá wọn jà mọ́) "ẹ má bínú, bàbá ọkọ mi ló ní ká lọ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé bí wọ́n ṣe ń rì olóbi, pé ara èèyàn kì í ṣe ohun tá a máa ń gbé kiri ìgboro, tí ẹni ibi bá rí i ńkọ́?" Ẹ̀rù Bàbá yé mi o, mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín, gbogbo wa la jọ ń gbọ́ ìròyìn. Ìyá yẹn wá bi mí léèrè, ó ní, "Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ yẹn ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ló wọ ìfun, èyí tó wá wò ó láàárọ̀ ní ó jọ Crohn's. Ọkọ mi ò sì wúkọ́ rárá. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

Mo ní, "Ẹ jókòó ná, mà. Ohun tó máa dáhùn ìbéèrè yẹn lẹ gbé sínú láílọ́ọ̀nù yẹn."

Ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. TB tí gbogbo wa mọ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró ló ti wọ́pọ̀ jù, àmọ́ kòkòrò yẹn ò mọ ààlà, ó lè wọ egungun ẹ̀yìn, ó lè wọ kókó ọrùn, ó lè wọ ìfun. Ẹni tó bá ní in lẹ́dọ̀fóró lè máa gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì láìmọ̀, kòkòrò á bá a dé inú ìfun, tàbí kó gba inú ẹ̀jẹ̀ débẹ̀. Ó tún ní ìbátan kan tó máa ń ṣe màlúù, inú mílíìkì tí wọn ò sè lèyẹn ti ń wọlé, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi àwọn tó fẹ́ràn nùnù léèrè pé ṣé wọ́n mọ̀ bóyá ẹni tó tà á fún wọn se mílíìkì yẹn. Kì í ṣe dandan kí ẹni tó ní TB inú ìfun máa wúkọ́, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé bí wọ́n bá ya X-ray àyà wọn, ó máa mọ́ kedere. Nítorí náà "kò wúkọ́" tí ìyá yẹn sọ, kò yọ TB kúrò rárá.

Crohn's, Króònù là ń pè é, ó yàtọ̀. Kò sí kòkòrò kan pàtó téèyàn lè nàka sí pé òun ló fà á. Àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló kọjú ìjà sí ìfun, ohun téèyàn jogún wà níbẹ̀, ohun tó wà láyìíká wà níbẹ̀, sìgá mímu sì máa ń jẹ́ kó burú sí i. Ó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Kì í ràn. Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni, pé aláwọ̀ dúdú kì í ní in, irọ́ ni, wọ́n ti rí i lára àwọn ọmọ Nàìjíríà dáadáa, ó kàn jẹ́ pé TB ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí àjọ WHO kà sí ibi tí TB ti pọ̀ jù láyé.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí ò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọdún 1882 ni Robert Koch kéde ní Jámánì pé òun ti rí kòkòrò TB. Nígbà tó di 1913, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Glasgow, Dalziel lorúkọ ẹ̀, kọ nípa àwọn aláìsàn kan tí ìfun wọn nípọn, tó wú, tó jọ TB pátá, àmọ́ tí wọn ò rí kòkòrò TB níbẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ pé ó jọ àìsàn kan tó máa ń mú ìfun màlúù. Lẹ́yìn náà ni Crohn, Ginzburg àti Oppenheimer kọ tiwọn ní New York ní 1932, tí orúkọ Crohn sì mọ́ àìsàn yẹn lára, kì í ṣe pé òun ló ṣiṣẹ́ jù, wọ́n to orúkọ wọn ní ABD ni, C ló ṣíwájú. (Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.)

Kí ló dé tí wọ́n fi jọra tó bẹ́ẹ̀? Ibì kan náà ni wọ́n fẹ́ràn jù: apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ikùn, ibi tí ìfun kékeré ti já sínú ìfun ńlá, ẹ̀gbẹ́ ibi tí apẹ́ńdísì wà gan-an. Àwọn méjèèjì ló ń mú inú rírun, tí èèyàn á máa rù, ibà á máa wá á máa lọ, ìgbẹ́ gbuuru, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ, nígbà míì ohun kan tó wú á wà ní apá ọ̀tún ikùn téèyàn lè fọwọ́ kàn. Àwọn méjèèjì ló lè dí ìfun, tí wọ́n lè lu ìfun, tí wọ́n á fi sọni di ẹni tí wọ́n ń gbé sáré lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lóru. Kí wọ́n tó débẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọ́n á ti tọ́jú. Wọ́n á ti tọ́jú ọ́lsà. Wọ́n á ti tọ́jú tàífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ wá tàbí ìdí ń dùn ún, jẹ̀díjẹ̀dí ló kù, ìyá alágbo á ti da ife mélòó kan fún un.

Ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó máa ń wo àwọn nǹkan kan tó ń fa ọ̀rọ̀ sápá kan. Tó bá jẹ́ ibà ìrọ̀lẹ́ àti òógùn òru tó ń rin aṣọ ibùsùn, tí omi kún inú ikùn, tí ẹnì kan nínú ilé ti lo oògùn TB rí, tí gbogbo ẹ̀ ò sì tíì ju oṣù mélòó kan lọ, wọ́n á máa fura sí TB. Tó bá jẹ́ pé ó ti ń ṣe é láti ọdún pípẹ́, á dẹwọ́, á tún padà, tí ẹ̀jẹ̀ ń wà nínú ìgbẹ́, tí egbò ń yọ lẹ́nu, tí oríkèé ń ro ó, pàápàá tí ihò kékeré kan bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí tó ń sun ọyún tí kò sì jiná, ìyẹn ń tọ́ka sí Crohn's. Mo ní ó ń tọ́ka o, mi ò ní ó dájú. Mo ti rí èyí tó ní gbogbo àmì Crohn's tó wá já sí TB.

Wọ́n lè fi kámẹ́rà wo inú ìfun láti ìdí, kolonoskópì ni wọ́n ń pè é. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo bí egbò ṣe rí, èmi sì fẹ́ràn apá yìí gan-an. Egbò TB máa ń yí ìfun po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, nítorí pé àwọn ọ̀nà tí omi ara ń gbà nínú ògiri ìfun náà yí i po ni, ọ̀nà yẹn ni kòkòrò ń tọ̀. Egbò Crohn's ní tiẹ̀ máa ń lọ gbọọrọ bí ojú irin rélùwéè tó gba Òṣogbo kọjá, á mú ibì kan, á fo ibì kan, á tún mú iwájú. Ẹ wá wo ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí yẹn ń fà: tí egbò tó yíká bá ń jiná, àpá ẹ̀ á sún kì, á fún ìfun lọ́rùn bí okùn tí wọ́n fà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹlòmíì á ti máa lo oògùn TB, ara ẹ̀ á ti máa yá, lójijì ìfun á dí. Oògùn ṣiṣẹ́ o, àpá ló kù, oògùn ò sì lè tú àpá, ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀bẹ ló máa ṣe é.

Tí dókítà bá wá la ikùn, òun náà á wò ó. Tó bá jẹ́ TB, ó lè rí nǹkan funfun wínníwínní káàkiri bí hóró jéró tí wọ́n fọ́n, àti àwọn kókó ńláńlá nínú ọ̀rá tó so ìfun ró. Tó bá jẹ́ Crohn's, ọ̀rá yẹn gan-an ló máa rá gun ara ìfun bí ẹni ń da aṣọ bò ó. Àmọ́ lóru, tí ìfun ti wú tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, tí gẹ́nẹ́rétọ̀ ń hó lẹ́yìn ilé, ojú lásán máa ń tàn jẹ. Àti pé jẹjẹrẹ lè rí bẹ́ẹ̀, amíbà lè rí bẹ́ẹ̀, tàífọ́ọ̀dù sì lè lu ìfun níbi kan náà. Ohun tí oníṣẹ́ abẹ tó gbọ́n máa ń ṣe tí kò bá dá a lójú ni pé á gé ìwọ̀nba tó pọn dandan, kò ní gé jù, torí tó bá wá já sí Crohn's, ẹni yẹn ṣì lè padà wá fún iṣẹ́ abẹ míì láyé ẹ̀, Crohn's máa ń padà síbi tí wọ́n ti so ìfun pọ̀ gan-an, ẹni tí wọ́n bá sì ń gé ìfun ẹ̀ lágéegé á wá di ẹni tó jẹun tí oúnjẹ ò ṣe é lóore.

Ó wá ku àwa tó wà nídìí ìgò.

Òṣogbo ìlú aró, àwa náà ń pa aró ní láàbù, ṣé ẹ rí i. A máa rẹ ẹran yẹn sínú fóòmálìnì kó má baà jẹrà, a máa fi ìda dì í, a máa wá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju bébà lọ fíìfíì, ká tó pa á láró ká lè rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù. Aró kan wà tó jẹ́ ti TB. A máa fi aró pupa sí i, a máa wá fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ kòkòrò yòókù á ṣí, gbogbo àwọ̀ wọn á lọ, àmọ́ kòkòrò TB dà bí àdìrẹ gidi, ẹ fọ̀ ọ́ títí kò ní ṣí, á dúró pupa bẹ́ẹ̀. Tá a bá rí i pupa, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ìfun, kòkòrò yẹn kì í pọ̀, èèyàn lè wo síláìdì títí ojú á fi dùn ún, kó má rí ẹyọ kan, kó sì jẹ́ TB náà ni.

Ohun tá a máa ń rí ju ìyẹn lọ ni gíránúlómà, ibi tí àwọn ọmọ ogun ara ti kóra jọ yí nǹkan tí wọn ò fẹ́ ká. Ti TB máa ń tóbi, wọ́n á pọ̀, ọ̀kan á wọ inú ìkejì, àárín wọn á sì kú, á funfun, á máa fọ́ bíi wàrà tó dì. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ lórúkọ o, orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un gan-an, wàrà ló túmọ̀ sí. Ti Crohn's kéré, wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí wàrà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í tiẹ̀ í rí ọ̀kankan. Nígbà míì, wàrà yẹn ò ní sí lára ìfun rárá, inú kókó tó wà nínú ọ̀rá ló máa wà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn oníṣẹ́ abẹ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú kókó kan kún un.

Nígbà tí èsì bá wá jáde, wọ́n á kọ "granulomatous inflammation" síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mo bẹ yín, ìyẹn kì í ṣe orúkọ àìsàn! Ẹ má gbé bébà yẹn lọ sí kẹ́míìsì ní Ọláìyá kẹ́nì kan lọ fún yín lóògùn. Ohun tó ń sọ ò ju pé ìjà wà níbẹ̀, ẹni tó ń jà ni wọ́n ṣì ń wá.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ rèé. Fóòmálìnì tó ń tọ́jú ẹran yẹn fún wa, òun náà ló ń pa kòkòrò. Tí wọ́n bá ti da gbogbo ẹ̀ sínú fóòmálìnì, kò sí bá a ṣe fẹ́ gbin kòkòrò yẹn mọ́ kó lè hù, ẹ̀rọ GeneXpert náà ò sì ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀. Ìgò méjì ló yẹ kó jáde kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ: ọ̀kan nínú fóòmálìnì, ọ̀kan nínú omi iyọ̀ ọsibítù lásán (sálaìnì), èyí tí wọ́n fi ń ṣe dírípù, kẹ́ ẹ sì gbé ìkejì yẹn dé láàbù lọ́jọ́ náà. GeneXpert ń wá àmì ìdánimọ̀ kòkòrò yẹn, láàárín wákàtí méjì ó ti sọ̀rọ̀. Tó bá ní òun rí i, ó wà níbẹ̀. Tó bá ní òun ò rí i, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kò sí. Èyí tá a gbìn ní tiẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn tí wọ́n fẹ́ la ikùn ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ TB bá ti jáde lẹ́nu dókítà, ẹ rọra bi wọ́n pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa fi díẹ̀ sínú sálaìnì fún wa?" Kò sí dókítà tó máa bínú sí ìyẹn, tó bá sì bínú, ẹ jẹ́ kó bínú.

Kí ló tiẹ̀ fà á tá a fi ń wá ẹ̀rí tó báyìí? Torí oògùn wọn ta kora. Oògùn Crohn's, bíi prednisolone, azathioprine àti infliximab, iṣẹ́ wọn ni pé kí àwọn ọmọ ogun ara lọ sinmi. Tẹ́ ẹ bá fún ẹni tó ní TB, ńṣe ló dà bí ìgbà tẹ́ ẹ ní kí màígádì máa lọ sílé tí olè sì wà nínú ọgbà. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ara ẹni yẹn máa kọ́kọ́ yá! Inú á rọ̀, á jẹun, wọ́n á ní oògùn ti bá a mu, kòkòrò ń lọ káàkiri ara lábẹ́lẹ̀. Tó bá tún jẹ́ òdìkejì ẹ̀, tẹ́ni tó ní Crohn's ń lo oògùn TB, kò ní pa á lójú ẹsẹ̀, àmọ́ oṣù á máa lọ, àìsàn ẹ̀ á máa jẹ ìfun lọ, oògùn TB sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níbi tí TB ti pọ̀ bíi tiwa, tí ẹ̀rí bá pín sí méjì dọ́gbadọ́gba, TB ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tọ́jú. Oògùn mẹ́rin fún oṣù 2, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù 4, ó di oṣù 6, ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ibi tí ìjọba ti ń fúnni lóògùn TB, kò yẹ kẹ́nì kankan gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Wọ́n á tún yẹ HIV wò, torí òun àti TB máa ń rìn pọ̀. Nígbà tó bá tó oṣù 2 sí 3, wọ́n á tún fi kámẹ́rà wo ìfun. Egbò ni wọ́n ń wò o, kì í ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ pé ó ti kún. Ẹni tó ní Crohn's náà lè lo oògùn TB kó ní ara ń tu òun, àmọ́ egbò ẹ̀ ò ní gbẹ. Tí egbò bá gbẹ, TB ni, kó lọ parí oògùn ẹ̀. Tí kò bá gbẹ, ó lè jẹ́ Crohn's, ó sì lè jẹ́ TB tó ti gbójú sí oògùn, wọ́n á tún ìwádìí ṣe.

Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń bi mí bóyá káwọn ya àwo àti ṣíbí aláìsàn sọ́tọ̀. TB tó bá wà nínú ìfun nìkan kì í ti inú àwo ran ẹlòmíì, ohun tó yẹ ni kí wọ́n yẹ àyà ẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wò, tó bá wà lẹ́dọ̀fóró pẹ̀lú, ìyẹn ló lè ràn nípa afẹ́fẹ́, gbogbo ará ilé á sì lọ ṣàyẹ̀wò.

Ìyá tó wá láti Ìgbọ̀nà yẹn fi ìgò ẹ̀ sílẹ̀ fún wa ṣá. Fóòmálìnì ni gbogbo ẹ̀ wà, kò sí kókó kankan nínú ẹ̀. A rí gíránúlómà, kò pọ̀, wàrà ò hàn kedere, aró pupa ò sì mú nǹkan kan. Mo sọ fún un pé ìda tá a fi dì í máa wà lọ́dọ̀ wa fún ọdún púpọ̀, pé tí dókítà míì bá fẹ́ tún un wò ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, kó wá gbà á. Àwọn dókítà méjèèjì wá jókòó, wọ́n fẹnu kò sí oògùn TB, torí egbò kéékèèké ṣì kù níbi tí wọn ò gé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó pè mí, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. "Dókítà, ìtọ̀ ọkọ mi ti pupa o, bàbá wọn ní ṣé mo rí ohun táwọn ń sọ." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, àwọ̀ oògùn ni, rifampicin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, omijé ẹ̀ náà lè pọ́n." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ fún bàbá fúnra yín," ló bá gbé fóònù fún wọn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún fi kámẹ́rà wò ó.